John Bergheim àti Ọ̀dà Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáàrà

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń kà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, gbólóhùn kan wà tí ó ti di ohun àkọ́sórí. Ohun tí ó ń sọ ni pé ilé-iṣẹ́ àwọn ará Jámánì kan ni ó kọ́kọ́ wá epo rọ̀bì ní Nàìjíríà ní ọdún 1908, ní agbègbè Aráròmí ní ìhà Òkìtìpupa, àti pé Ogun Àgbáyé Kìíní ni ó lé wọn lọ ní ọdún 1914. Bí olùkọ́ bá ti sọ èyí tán, Olóìbírí àti ọdún 1956 ni yóò fò sí. Ẹni tí ó wà nídìí ilé-iṣẹ́ náà kò ní orúkọ nínú ẹ̀kọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àlàyé kankan nípa ohun tí ó fà á tí iṣẹ́ náà kò fi yọrí sí rere.

Ẹni náà ni John Simon Bergheim. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ nídìí iṣẹ́ epo, títí dé ibi tí ó ti kan ilẹ̀ wa, a ó sì ṣàlàyé ohun tí ó rí lórí ilẹ̀ àti ohun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ ní ti gidi. Ìdí méjì ni ó mú wa yàn án. Èkíní ni pé olùkọ́ ni àwa àti àwọn tí a ń kọ́, àṣìṣe tí a bá sì fi kọ́ ọmọ kì í tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀. Èkejì ni pé ilẹ̀ tí Bergheim gbẹ́ kò dá dúró. Àwọn àpáta tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ na ara wọn wá sí ìwọ̀-oòrùn, wọ́n gba abẹ́ Ìjẹ̀bú àti apá kan Ẹ̀gbá, wọ́n dé abẹ́ Ìlaròó, Ìpókíá àti Ṣàkẹ́tẹ́, wọ́n sì lọ títí dé Tógò àti gúúsù ìlà-oòrùn Gánà. Àwọn onímọ̀ nípa àpáta ń pe gbogbo rẹ̀ ní agbada Dahomey, nítorí pé ó dà bí àwo ńlá tí iyanrìn, amọ̀ àti ẹfun ti ń kún láti ayébáyé. Àwọn ènìyàn ní agbègbè Yewa kò yé béèrè bóyá epo wà lábẹ́ ilẹ̀ wọn. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Bergheim yóò mọ bí a ṣe ń fi sùúrù dáhùn ìbéèrè náà.

Bergheim ní ilẹ̀ Galicia

Kí Bergheim tó gbọ́ nípa ilẹ̀ wa, ó ti lo nǹkan bí ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nídìí epo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1880, òun àti ọmọ Kánádà kan, William Henry McGarvey, para pọ̀ láti wá epo ní Yúróòpù. McGarvey ti fìgbà kan rí jẹ olórí ìlú Petrolia ní Ontario, ìlú tí orúkọ rẹ̀ pàápàá ń sọ irú òwò tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Àwọn ará ìlú náà mọ ilẹ̀ gbẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò jẹ́ ọ̀pá onígi gígùn tí wọ́n so pọ̀ mọ́ ara wọn, tí irin olóró wà ní ẹnu rẹ̀; wọn a máa gbé e sókè, wọn a sì máa sọ ọ́ sílẹ̀ títí tí àpáta yóò fi lu. McGarvey ni ó ní ìmọ̀ ẹ̀rọ yìí jù. Bergheim, ẹni tí òun náà jẹ́ ẹnjiníà, ni ó mọ ọ̀nà tí owó ń gbà wá àti bí a ṣe ń bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀. Jámánì ni wọ́n kọ́kọ́ dán wò. Nígbà tí ibẹ̀ kò mú èrè wá, wọ́n kó ẹrù wọn lọ sí Galicia.

Galicia ìgbà náà wà lábẹ́ ìjọba Austria àti Hungary. Lónìí, apá kan rẹ̀ wà ní Póláńdì, apá kejì sì wà ní Ukraine. Epo máa ń sun jáde láti inú ilẹ̀ níbẹ̀, ní ẹsẹ̀ àwọn òkè tí à ń pè ní Carpathian. Ní ìlú Lwów ní ọdún 1853 ni Ignacy Łukasiewicz, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìpoògùn, ti rí ọ̀nà láti yọ epo òyìnbó láti inú epo rọ̀bì, tí wọ́n sì fi fìtílà rẹ̀ tan ìmọ́lẹ̀ sí ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n títí di ìgbà tí àwọn méjì yìí dé, ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gbẹ́ kànga epo ní Galicia. Ọkùnrin kan a sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò tòun ti ṣọ́bìrì, àwọn tí ó wà lókè a sì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kí ó má baà kú.

Ẹ̀rọ Kánádà yí gbogbo ìyẹn padà. Ilé-iṣẹ́ Bergheim àti McGarvey gbẹ́ kànga níbi púpọ̀, wọ́n kọ́ ilé ìfọpo sí Mariampol ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Gorlice, wọ́n sì sọ òwò náà di ilé-iṣẹ́ ńlá onípìn-ín ní ọdún 1895. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1909, epo tí Galicia ń mú jáde lọ́dún kan ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì tọ́ọ̀nù, èyí tí ó tó ìdá 5 nínú 100 gbogbo epo tí ayé ń wà nígbà náà.

Ohun tí a fẹ́ kí òǹkàwé fi sọ́kàn nínú èyí ni ẹ̀kọ́ tí Galicia kọ́ Bergheim. Níbẹ̀, ibi tí epo tàbí ìda ilẹ̀ bá ti sun jáde ni wọ́n ń gbẹ́, bí wọ́n bá sì gbẹ́ jìn tó, wọn a kan epo. Ogún ọdún ni ó fi rí i pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ta ni yóò rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún tí kò ní gbà á gbọ́?

Bí ó ṣe dé ilẹ̀ wa

Ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, títí wọ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti Òkìtìpupa, tí ó sì lọ kan ilẹ̀ Ẹdó, ilẹ̀ kan wà tí ó gùn tó nǹkan bí 120 kìlómítà, níbi tí ọ̀dà dúdú ti wà nínú iyanrìn. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú tí oòrùn sì gbóná, ọ̀dà náà a máa rọ̀, a sì máa sun jáde. Irú rẹ̀ ni a fi ń ṣe títì ọlọ́dà. Àgbabu ni orúkọ tí ó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn ìlú tí ó wà lórí rẹ̀ lónìí. Ìròyìn ọ̀dà yìí ti dé Lọ́ńdọ̀nù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, ó sì dé etí Bergheim.

Àkókò náà bá a lára mu. Ní ọdún 1906, wọ́n da Èkó pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà, Walter Egerton sì ni Gómìnà. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn ojú irin, ọ̀nà àti ohunkóhun tí ó lè mú owó wọ àpò ìjọba. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Winston Churchill tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pé ogójì ni igbákejì ní ọ́fíìsì tí ń bójú tó àwọn ilẹ̀ amúnisìn láti ìparí ọdún 1905 títí di 1908. Àwọn ọ̀gágun ojú omi sì ti ń ronú bí ọkọ̀ ogun yóò ṣe fi èédú sílẹ̀ tí yóò máa jó epo, ṣùgbọ́n epo kò sí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Bergheim mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ fún irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ó fi yé wọn pé epo tí ó wà lábẹ́ àsíá wọn ni òun fẹ́ lọ wá.

Ohun tí ó rí gbà kì í ṣe kékeré. Ní ọdún 1907, ìjọba Gúúsù Nàìjíríà ṣe òfin àkọ́kọ́ lórí wíwá epo, ìjọba sì yá ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Nigerian Bitumen Corporation, lówó láti fi gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí pé ìjọba amúnisìn kò fẹ́ràn láti máa fi owó ìlú yá oníṣòwò aládàáni. Owó ìlú náà, láti ara owó ibodè lórí ọjà tí àwọn baba wa ń rà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè.

Ní ọdún 1908 ni gbígbẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ agbègbè ọ̀sà Lẹ́kí àti Aráròmí yóò mọ ìyà tí ó wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀nà ọkọ̀, kò sí ojú irin. Orí omi ni irin, ìgbòmíná àti ọ̀pá ìgbẹ́lẹ̀ gbà dé, láti Èkó gba inú ọ̀sà lọ sí ẹrẹ̀. Ibà ń bá àwọn òyìnbó jà. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ni wọ́n ru ẹrù náà, tí wọ́n gé igbó, tí wọ́n sì di okùn mú, ṣùgbọ́n nínú ìtàn epo tí a ń kọ́ ọmọ, a kì í dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn.

Kànga tí wọ́n gbẹ́ tó nǹkan bíi mẹ́rìnlá. Wọ́n rí ọ̀dà. Wọ́n rí epo tí ó nípọn, tí ó wúwo, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n rí kò tó ohun tí ènìyàn lè fi ṣòwò. Ní ọdún 1909 tí wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ikọ̀ tí Albert Kitson ń darí láti wo ohun àmúṣọrọ̀ inú ilẹ̀ Gúúsù Nàìjíríà rí èédú ní Údì, níbi tí a mọ̀ sí Enugu lónìí. Èédú náà, ohun abẹ̀mí tí ó kú tí ilẹ̀ bò mọ́lẹ̀ ni. Igi àti ewé ni. Ti Kitson di ìlú ńlá. Ti Bergheim kò dé ibì kan.

Ní ọdún 1912, ọkọ̀ ní ìjàǹbá ní Lọ́ńdọ̀nù, Bergheim sì bá a lọ. Iṣẹ́ náà kò tún gbérí lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni ó ń mú owó wá, ìgbàgbọ́ rẹ̀ nínú ọ̀dà náà ni kò jẹ́ kí àwọn tókù rẹ̀wẹ̀sì. McGarvey, alábàáṣe rẹ̀ àtijọ́, kú ní Vienna ní ọdún 1914, nígbà tí ogun ti dé tí àwọn ọmọ ogun sì ti ń rìn kọjá lórí ilẹ̀ Galicia.

Ọ̀rọ̀ nípa Jámánì

Níbi yìí ni ó yẹ kí a ti mú gbólóhùn inú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ wò. Lọ́ńdọ̀nù ni Nigerian Bitumen Corporation fìdí kalẹ̀ sí. Ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó ṣe òfin fún un, ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì ni ó yá a lówó, nítorí kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lè rí epo jó ni wọ́n sì ṣe gbọ́ tirẹ̀. Kò ní bọ́gbọ́n mu kí ìjọba kan náà, ní ọdún tí òun àti Jámánì ń bá ara wọn díje lórí ọkọ̀ ogun, kó owó fún ará Jámánì láti wá epo ní ilẹ̀ tí òun ń ṣàkóso. Ní ọdún 1914 pàápàá, òfin epo tuntun tí wọ́n ṣe fún Nàìjíríà sọ pé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ilé-iṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ń darí nìkan ni ó lè gba ilẹ̀ epo.

Ní èrò tiwa, orúkọ ni ó ṣi àwọn òǹkọ̀wé lọ́nà. Bergheim dún bí orúkọ Jámánì. Ẹnì kan kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn dà á kọ, ó sì di òtítọ́ nínú ìwé ìdánwò. Èyí tí ó tẹ̀ lé e, pé ogun ni ó dá iṣẹ́ náà dúró, rọ̀ mọ́ àṣìṣe kìíní: bí wọ́n bá jẹ́ ará Jámánì, a jẹ́ pé ogun ni ó lé wọn. Kànga tí kò mú owó wá àti ikú ọdún 1912 ti ṣe é ṣáájú ogun.

Ohun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀

Kí ló dé tí ohun tí ó ṣiṣẹ́ ní Galicia kò fi ṣiṣẹ́ ní Aráròmí? Ìbéèrè yìí ni ó jẹ wá lógún jù nínú ìtàn ọkùnrin yìí.

Ní ìgbà ayé Bergheim, àwọn ọ̀mọ̀wé kò tíì fẹnu kò lórí ibi tí epo rọ̀bì ti ń wá. Mendeleev, ọmọ Rọ́ṣíà, ti sọ ní ọdún 1877 pé omi tí ó bá irin pàdé ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ gbígbóná ni ó ń di epo. Ní Jámánì, Carl Engler gbé epo ara ẹja kaná nínú ìkòkò tí ó dé pa, ohun tí ó sì rí gbà jọ epo rọ̀bì. Nítorí náà ó ní ara ohun abẹ̀mí ni epo ti wá. Ẹni tí ó fi ẹ̀rí tí kò ṣeé jiyàn tì í lẹ́yìn ni Alfred Treibs ní ìlú Munich. Ní ọdún 1934, ọdún méjìlélógún lẹ́yìn ikú Bergheim, ó fi hàn pé ohun kan wà nínú epo rọ̀bì àti nínú àpáta amọ̀ dúdú tí ó jẹ́ ìyókù klorofíìlì, èyí tí ń fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀. Àwọ̀ ewé ayé àtijọ́ wà nínú epo. Láti ìgbà náà ni ìmọ̀ nípa àpáta orísun ti bẹ̀rẹ̀ sí í fìdí múlẹ̀.

A ń lo àpáta orísun fún àpáta tí epo ti inú rẹ̀ wá, a kò sì rò pé ọ̀rọ̀ náà ṣòro fún ọmọ láti mọ̀. Àpáta amọ̀ dúdú onípele, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní shale, ni ó sábà máa ń jẹ́. Nígbà tí ó ṣì jẹ́ ẹrẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkun tàbí ọ̀sà, àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín inú omi kú, wọ́n rì sínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ kò sì tó níbẹ̀ tí wọn ìbá fi jẹrà tán. Wọ́n di ohun kan tí a ń pè ní kẹ́rójìn. Bí kábọ́ọ̀nù láti ara ohun abẹ̀mí bá tó ìdá 1 nínú 100 ara àpáta náà, ó ti tó ohun tí a lè máa pè ní àpáta orísun.

Ṣùgbọ́n kẹ́rójìn kì í ṣe epo. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹyìn ṣe àpèjúwe. Epo wà nínú ẹyìn, kò sẹ́ni tí ó lè jiyàn rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá kó ẹyìn tútù sínú odó tí kò sè é, bóyá ni yóò rí epo tí yóò fi se ọbẹ̀. Iná ni ó ń mú epo ẹyìn jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpáta orísun gbọ́dọ̀ rì sí ibi tí ooru inú ilẹ̀ yóò ti sè é, fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Láti nǹkan bí ìwọ̀n ooru 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni sísè náà ti ń bẹ̀rẹ̀, ibi tí ó sì ti dára jù wà láàárín nǹkan bí 90 sí 120. Bí ó bá kọjá èyí púpọ̀, epo a di gáàsì, bí ìgbà tí iná pọ̀ jù lábẹ́ ìkòkò.

Ooru inú ilẹ̀ sábà máa ń fi nǹkan bí ìwọ̀n 25 sí 30 pọ̀ sí i fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan tí a bá sọ̀kalẹ̀. Ní ilẹ̀ wa tí òkè ilẹ̀ ti wà ní nǹkan bí 27, àpáta tí ó bá wà ní kìlómítà kan péré kò ní ju 52 sí 57 lọ. Kò tíì hó. Ó gbọ́dọ̀ tó kìlómítà méjì tàbí mẹ́ta kí ìkòkò náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ dáadáa.

Nísinsìnyí, ẹ fi Galicia wé Aráròmí. Ní abẹ́ Galicia, àpáta dúdú kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Menilite, tí ohun abẹ̀mí kún inú rẹ̀. Nígbà tí àwọn òkè Carpathian ń dìde, ilẹ̀ ká lé ara rẹ̀, ìpele gorí ìpele, ó sì ti Menilite mọ́ ìsàlẹ̀ níbi tí ó ti jinná. Epo tí ó jáde níbẹ̀ kò rin ọ̀nà jíjìn kí ó tó yọ sí òkè. Ẹni tí ó rí epo lórí ilẹ̀ Galicia dúró sórí ìdáná gan-an.

Ní ti Aráròmí, àpáta amọ̀ dúdú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 1981, Omatsola àti Adegoke pín àwọn àpáta ìsàlẹ̀ agbada Dahomey sí ìpele mẹ́ta, Ise, Afowo àti Araromi, èyí tí ó kẹ́yìn sì gba orúkọ rẹ̀ láti ara ìlú tí a ń sọ yìí. Ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe fi hàn pé ohun abẹ̀mí inú àpáta dúdú náà pọ̀ tó. Àyẹ̀wò kan wà tí àwọn ọmọ Faransé gbé jáde ní àwọn ọdún 1970, nínú èyí tí wọn a lọ àpáta kúnná, wọn a sì máa mú un gbóná díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ̀rọ láti mọ ìgbà tí ohun inú rẹ̀ yóò jáde jù. Bí ó bá jáde kí ooru ẹ̀rọ náà tó dé nǹkan bí 435, a jẹ́ pé àpáta náà kò tíì pọ́n. Orí ilẹ̀, púpọ̀ nínú àpáta dúdú agbada Dahomey kò tíì pọ́n. Wọn kò rì jìn tó.

Níbo wá ni ọ̀dà náà ti wá? Èrò ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni pé láti gúúsù ni, níbi tí àwọn ìpele wọ̀nyí ti rì jìn lábẹ́ òkun. Àwọn ìpele náà dagun bí òrùlé. Epo fúyẹ́ ju omi lọ, ó sì ń gun òkè láti ìsàlẹ̀ òkun gba inú iyanrìn wá títí ó fi sún mọ́ òkè ilẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ti bá a. Wọ́n jẹ èyí tí ó fúyẹ́, tí ó sì ṣàn nínú rẹ̀, omi òjò ṣan òmíràn lọ, èyí tí ó wúwo tí ẹnikẹ́ni kò lè jẹ ni ó ṣẹ́kù. Òun ni ọ̀dà. Bergheim rí òróró tí ó kán sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sì gbẹ́ ojú ọ̀nà náà, nígbà tí ìdáná wà ní ibòmíràn.

A kò sọ èyí láti fi í ṣẹ̀sín. Àmì tí ó tẹ̀ lé kì í ṣe irọ́. Epo ti gba ibẹ̀ kọjá lóòótọ́. Nínú ohun tí a mọ̀ ní ọdún 1908, kò sí ohun tí ìbá sọ fún un pé àmì kan náà lè ní ìtumọ̀ méjì ní ilẹ̀ méjì.

Ní ìhà Yewa

Nígbà tí Jones àti Hockey kọ̀wé lórí àpáta gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ní ọdún 1964, orúkọ Ìlaròó wọ inú ìmọ̀ nípa àpáta: ìpele iyanrìn kan ni wọ́n fi sọ lórúkọ. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìpele amọ̀ Oṣoṣun wà, níbi tí fósífẹ́ètì wà, irú èyí tí àwọn ará Tógò ń wà ní Hahotoé. Ìsàlẹ̀ èyí ni àpáta amọ̀ Akinbo, lẹ́yìn náà ni òkúta ẹfun Ewékorò tí a fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní ọdún 1889 gé Kétu kúrò lára Yewa. Kò rí àwọn ìpele yìí gé.

Ẹ̀kọ́ Bergheim wúlò níbí. Ní apá òkè Yewa, àwọn ìpele wọ̀nyí fẹ́lẹ́, àpáta líle sì sún mọ́ òkè. Bí a ti ń lọ sí Ìpókíá àti etí òkun ni wọ́n ń nípọn. Amọ̀ dúdú tí ó wà lábẹ́ Ìlaròó lè ní ohun abẹ̀mí nínú, kí ó má sì mú epo jáde láé, nítorí pé kò tíì rí iná. Bákan náà, ohun aláwọ̀ òṣùmàrè tí ó máa ń léfòó lórí omi inú àbàtà, tí àwọn ènìyàn máa ń fi han ara wọn pé epo nìyí, kì í ṣe epo nígbà púpọ̀. Irin inú omi àti àwọn kòkòrò àìfojúrí ni wọ́n ń ṣe é. Olùkọ́ lè mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀ kí wọ́n fi igi kàn án: bí ó bá fọ́ wẹ́wẹ́ bí èèpo tí kò sì tún so pọ̀, irin ni, bí ó bá ṣàn padà tí ó sì tún di ọ̀kan, epo ni, ó sì lè jẹ́ láti inú ọkọ̀ tàbí jẹnẹrétọ̀.

Epo tí Bergheim ń wá wà nínú agbada náà ní tòótọ́. Ní ọdún 1968, wọ́n rí i lábẹ́ òkun ní Sèmè, ní òdìkejì ààlà wa ní Bẹ̀nẹ̀, wọ́n sì wà á láti ọdún 1982 títí di 1998. Ní ọdún 1996, wọ́n rí òmíràn ní Aje, lábẹ́ òkun ní ìhà Àgbádárìgì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016 ni epo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀, òun sì ni epo àkọ́kọ́ tí ó jáde ní ìpínlẹ̀ Èkó. Láti inú àwọn àpáta ìgbà kan náà pẹ̀lú ti Afowo ni ó ti jáde, ní ibi tí omi òkun nìkan ti jìn ju 100 mítà lọ kí a tó kan ilẹ̀ rárá. Ní ọdún 1908, kò sí ẹ̀rọ kankan ní ayé tí ó lè dé ibẹ̀.